Kí ẹ tó ra awò àkọ́kọ́ tí ẹ ó fi máa wo ìràwọ̀

Bí ẹ bá wá awò awọ̀nàjíjìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, kò ní pẹ́ kí èyí tí wọ́n kọ "525×" (ìyẹn ni pé ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 525) gàdàgbà sára páálí rẹ̀ tó yọjú, pẹ̀lú àwòrán Sátọ̀n aláràbarà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà. Ibi tí wọ́n ti rí nọ́ńbà yẹn nìyí: F awò náà (mo máa ṣàlàyé F láìpẹ́) jẹ́ 700 mm, lẹ́ǹsì ojú, ìyẹn èyí tí à ń gbé ojú lé, tó kéré jù nínú páálí jẹ́ 4 mm, wọ́n sì fi Barlow 3×, lẹ́ǹsì àfikún tó ń sọ ìlọ́po di mẹ́ta, kún un. Ẹ fi 4 pín 700, ẹ ó rí 175. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3, ó di 525. Ìṣirò náà péye. Ṣùgbọ́n dígí inú awò náà kò fẹ̀ ju 76 mm lọ, dígí tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò sì lè gbé ju nǹkan bíi 150× lọ kí àwòrán tó bàjẹ́. Ohun tí ẹ ó rí ní 525× ni òkùnkùn, nǹkan aláwọ̀ eérú kan tó ń gbọ̀n, àti ìràwọ̀ tó ti sá kúrò lójú awò kí ìṣẹ́jú-àáyá 20 tó pé, nítorí pé ayé ń yí. Àìmọye ènìyàn ti torí èyí gbà pé ìràwọ̀ wíwò kì í ṣe iṣẹ́ àwọn, wọ́n sì ti gbé awò sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó máa ń dùn mí gan-an, nítorí pé Sátọ̀n tí wọ́n ń wá kò ju 30× lọ kí òrùka rẹ̀ tó hàn.

Nọ́ńbà méjì ni kí ẹ máa wá lára awò: D àti F. Wọ́n sábà máa ń tẹ̀ wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí à ń gbé ojú lé, bíi "D=114mm F=900mm". D ni fífẹ̀ lẹ́ǹsì ńlá tó wà níwájú, tàbí ti dígí tó wà ní ìdí ọ̀pá. F ni bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn jìnnà tó láti ibẹ̀ kí ó tó pàdé ní ojú kan.

D ni olórí. Òun ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, ìmọ́lẹ̀ tó ń kó sì ń pọ̀ ju bí fífẹ̀ rẹ̀ ṣe ń pọ̀ lọ: awò 150 mm fẹ̀ ju ìlọ́po 2 awò 70 mm lọ díẹ̀ ni, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń kó lé ní ìlọ́po 4 àti ààbọ̀ tirẹ̀. D náà ló ń pinnu ìlọ́po tí awò lè gbé. Ẹ fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀: 70 mm lè gbé 140×, 114 mm lè gbé 228×, 150 mm lè gbé 300×. Ní ọ̀pọ̀ alẹ́, afẹ́fẹ́ orí wa kì í jẹ́ kí a kọjá 200× sí 250×, bó ti wù kí awò tóbi tó.

Ìlọ́po tí ẹ fẹ́ lò, ẹ̀yin lẹ máa yàn án fúnra yín nípa pípààrọ̀ lẹ́ǹsì ojú. F awò ni ẹ ó fi nọ́ńbà ara lẹ́ǹsì ojú pín. Awò 150/1200 (ìyẹn D 150 mm, F 1200 mm) pẹ̀lú lẹ́ǹsì 25 mm jẹ́ 48×, pẹ̀lú 10 mm ó jẹ́ 120×. Ẹ wá wo 130/650: lẹ́ǹsì 25 mm kan náà fún un ní 26×, 10 mm fún un ní 65×, tí ẹ bá sì fẹ́ 130× ẹ nílò 5 mm. Ìdí nìyẹn tí awò tí F rẹ̀ kúrú fi dára fún nǹkan tó fẹ̀ lójú ọ̀run, tí èyí tí F rẹ̀ gùn sì rọrùn fún òṣùpá àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì.

Ìdúró awò, àti ibi tí ọ̀rọ̀ tiwa ti yàtọ̀

Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tó wà níta lórí awò, àwọn tó ń gbé ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló kọ wọ́n, ojú ọ̀run tiwọn ni wọ́n sì ń wò. Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Èkó, Kútọnu, gbogbo wọn wà láàárín 6° sí 8° péré sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Nítorí èyí, òkè orí wa ni òṣùpá àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá. Nígbà tí wọ́n bá gòkè dé ibi tí wọ́n lè gòkè dé lálẹ́, wọn kì í sábà rẹlẹ̀ ju 55° lọ (90° ni àárín orí gan-an). Ní London, pílánẹ́ẹ̀tì kan náà lè má kọjá 15° ní àwọn ọdún tó bá wà ní apá gúúsù ojú ọ̀run, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á máa la afẹ́fẹ́ tó nípọn kọjá, tí àwòrán á sì máa hó. Ọrọ̀ ńlá nìyí tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ pé a ní: awò kékeré ní Abẹ́òkúta lè fi Sátọ̀n hàn kedere ju awò ńlá ní London lọ ní irú ọdún bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n òkè orí yẹn kan náà ló ń fìyà jẹ ìdúró awò tí kò bá a mu.

Ẹ kọ́kọ́ wo èyí tí wọ́n ń kọ EQ sí lára. Ó ní irin kan tó yẹ kó dojú kọ ìràwọ̀ àríwá, Polaris, kí awò lè máa tẹ̀ lé ìràwọ̀ pẹ̀lú yíyí ọwọ́ kan ṣoṣo. Ní London, Polaris wà ní 51°, ó rọrùn. Níbí, kò ga ju bíi 7° lọ, ó wà lẹ́yìn ògiri aládùúgbò àti nínú èéfín. Ọ̀pọ̀ EQ kékeré kò tilẹ̀ ṣeé tẹ̀ wálẹ̀ débẹ̀. Èyí tó bá sì ṣeé tẹ̀, irin wúwo tó ń mú un dọ́gba á máa gbá ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo ìwúwo á sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan títí tí yóò fi ṣubú. Mo ń sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: bí ilẹ̀ Yorùbá ni ẹ ti fẹ́ lò ó, ẹ má ra EQ gẹ́gẹ́ bí awò àkọ́kọ́, kódà bí wọ́n bá dín owó rẹ̀ kù.

AZ ni èyí tó kàn ń lọ sókè-sódò àti sọ́tùn-ún-sósì. Ó rọrùn láti lóye, àmọ́ ẹ bi ẹni tó ń tà á ní ìbéèrè kan: ṣé ọ̀pá awò lè dojú kọ òkè gan-an láìfara gbá ẹsẹ̀? Èyí tí wọ́n ṣe bíi fọ́ọ̀kì sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta tín-ín-rín máa ń há ní nǹkan bíi 70°, ìyẹn ibi tí Júpítà fẹ́ dúró sí fún yín. Bí ọ̀pá bá sì gùn, tí ẹsẹ̀ bá kúrú, ojú awò á wálẹ̀ dé orúnkún yín nígbà tí ẹ bá ń wo òkè. Ẹ rí i dájú pé lẹ́ǹsì tàbí dígí tó ń tẹ ìmọ́lẹ̀ sí 90° wà nínú páálí awò onílẹ́ǹsì. Èyí tó ń tẹ̀ ẹ́ sí 45°, wíwo ilẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, yóò sì ba ọrùn yín jẹ́.

Ẹ tún fi ìka lu ọ̀pá awò díẹ̀ bí ẹ ṣe ń wò ó. Bí àwòrán bá gbọ̀n kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 3, ẹsẹ̀ náà kò lágbára. Tó bá ti wà nílé yín tẹ́lẹ̀, ẹ má na ẹsẹ̀ náà tán, ẹ jókòó wò ó, kí ẹ sì so ike omi lítà 5 kọ́ sí àárín rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Èyí tí mo fọwọ́ sí jù ni Dobsonian. John Dobson, tó ti fìgbà kan jẹ́ ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn ní San Francisco, ló sọ ọ́ di mímọ̀. Ní 1968 ni òun àti ẹgbẹ́ Sidewalk Astronomers bẹ̀rẹ̀ sí í gbé awò sẹ́bàá títì kí ẹni tó ń kọjá lè wo òṣùpá. Pákó ni ìdúró rẹ̀: àpótí kan tó ń yí lórí pákó pẹlẹbẹ, ọ̀pá awò sì wọnú rẹ̀ bí ìbọn ńlá ṣe máa ń wà lórí ìdúró rẹ̀. Kò ní ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n. Owó tí ilé iṣẹ́ ìbá ná sórí irin, dígí ni wọ́n ń ná an sí. Àǹfààní mìíràn tún wà fún wa: bí ọ̀pá tókúnbọ̀ bá dé láìní ìdúró, káfíńtà àdúgbò lè ṣe é pẹ̀lú plywood 18 mm, Formica lábẹ́, àti ègé Teflon mẹ́ta tí yóò máa yọ̀ lórí rẹ̀. Ìdí tó fi jẹ́ mẹ́ta ni pé ohun tó bá dúró lórí ojú mẹ́ta kì í mi.

Àléébù rẹ̀ kan wà tó kàn wá ju àwọn ará àríwá lọ. Tí ọ̀pá bá ti nàró pátápátá, yíyí i sọ́tùn-ún sósì kò ní gbé e lọ síbì kankan lójú ọ̀run, á kàn máa pòòyì lójú kan. Ojútùú rẹ̀ ò ju sùúrù lọ: ojú ọ̀run ń rìn ní 15° ní wákàtí kan, nítorí náà ẹ wo Júpítà ní wákàtí kan kí ó tó dé àárín orí tàbí wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó ṣì ga ju bí wọ́n ti ń rí i ní London lọ.

Èwo wá ni kí ẹ rà?

Bí owó bá wà, tí ẹ sì ní àgbàlá tàbí orí dẹ́kìn tí ẹ lè gbé nǹkan sí: Dobsonian 150/1200. Ọ̀pá rẹ̀ gùn tó mítà 1.2, gbogbo rẹ̀ wúwo tó nǹkan bíi kìlógírámù 16, ṣùgbọ́n ó pín sí méjì, ẹ lè gbé e jáde ní ẹ̀ẹ̀mejì. Yóò fi àlàfo dúdú inú òrùka Sátọ̀n hàn yín nígbà tí òrùka náà bá ṣí dáadáa, yóò fi ìlà ara Júpítà hàn, yóò sì tú ọ̀pọ̀ àgbájọ ìràwọ̀ palẹ̀. 200/1200 tún dára jù ú lọ ní ojú, àmọ́ ó lé ní kìlógírámù 20, ẹni tó ń gbé ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yóò sì wá àwáwí láti má gbé e sọ̀kalẹ̀. Awò tí ẹ ń gbé jáde lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ lẹ̀ ń wá, ẹ má wo títóbi rẹ̀ nìkan.

Bí àyè kò bá sí: 130/650 tí wọ́n ń gbé ka tábìlì. Kìlógírámù 6 sí 7 ni. Tábìlì ike kò gbà á o, yóò máa mì. Àga onígi tó nípọn, tàbí kéréètì ike líle tí ìgò ohun mímu kún inú rẹ̀, ló dára. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n kọ "parabolic" síbi dígí rẹ̀. Awò tí F rẹ̀ kò ju ìlọ́po 5 tàbí 6 D lọ gbọ́dọ̀ ní irú dígí yẹn. Bí dígí rẹ̀ bá jẹ́ "spherical", etí ìmọ́lẹ̀ kò ní pàdé ibi tí àárín rẹ̀ ti pàdé, àwòrán kò sì ní mú láéláé.

Awò onílẹ́ǹsì 70/900 tó ní AZ tó dára wúlò fún ẹni tí kò fẹ́ máa tún dígí tò. Òṣùpá inú rẹ̀ á mú dáadáa. Èyí tí F rẹ̀ kúrú, bíi 70/400 tí wọ́n ń fi báàgì tà fún ìrìn àjò, máa ń fi àwọ̀ elésè-àlùkò yí gbogbo ohun tó mọ́lẹ̀ ká, nítorí lẹ́ǹsì kò kó àwọ̀ pupa àti búlúù pàdé lójú kan náà.

Irú kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ sá fún pátápátá: 114/1000 tàbí 127/1000 tí ọ̀pá rẹ̀ kò gùn ju bíi 50 sẹ̀ǹtímítà lọ. Báwo ni F ṣe lè jẹ́ mítà kan nínú ọ̀pá ìdajì mítà? Wọ́n fi lẹ́ǹsì kan pamọ́ sínú ibi tí à ń gbé ojú lé. Lẹ́ǹsì náà kì í sábà dára, ó sì máa ń dí yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ tún dígí tò.

Bí owó kò bá tíì tó èyíkéyìí nínú wọn, ẹ ra awò olójú méjì 10×50 (ìlọ́po 10, D 50 mm), kì í ṣe awò olówó pọ́ọ́kú. Òṣùpá, àgbájọ ìràwọ̀ Pleiades, òṣùpá ńlá mẹ́rin Júpítà bí ẹ bá fi ìgbọ̀nwọ́ ti ògiri, gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kò sì ní di aláìwúlò lẹ́yìn tí ẹ bá ra awò ńlá.

Àwọn awò ayàwòrán bíi Seestar S50 ti wọ ọjà láti 2023. D rẹ̀ jẹ́ 50 mm, kò ní ibi tí à ń gbé ojú lé, orí fóònù ni àwòrán ń bọ́ sí. Ó ń ya kùrukùru inú ọ̀run dáadáa láti àárín ìlú, ṣùgbọ́n pílánẹ́ẹ̀tì kéré jọjọ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí Sátọ̀n kò gbọdọ̀ fi ṣe àkọ́kọ́.

Lẹ́ǹsì ojú

Ẹ wo lẹ́tà tó wà lára wọn. H àti SR jẹ́ irú àtijọ́ tó rọrùn láti ṣe, ihò ìwòran wọn há, SR 4 mm sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúlò fún nǹkan kan. Plössl ni kí ẹ máa wá. Ẹ wọn ìdí rẹ̀ pẹ̀lú rúlà: 31.7 mm ni ti gbogbo ayé ìsinsìnyí. Bí ó bá jẹ́ 24.5 mm, awò náà jẹ́ ti ìgbà kan, kò sì ní rọrùn láti rí lẹ́ǹsì tuntun tó máa wọ̀ ọ́. Fún 150/1200, 25 mm, 10 mm àti Barlow 2× tó fún ọdún àkọ́kọ́. Barlow 3× inú páálí, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Bí ẹ bá ní ẹbí ní London tàbí Houston tó ń bọ̀ wálé, lẹ́ǹsì ojú ni kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín gbé. Wọ́n kéré, wọ́n fúyẹ́, wọ́n sì máa ń dàbí ohun tí a kò lè rí rà ní tòsí.

Tí ẹ bá ń ra tókúnbọ̀, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì lọ. Ẹ tàn án sínú ọ̀pá láti ẹ̀gbẹ́. Eruku kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ohun tí ẹ ń wá ni funfun tó ń tàn kálẹ̀ bí èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó bu, nítorí ó ń jẹ ohun tí wọ́n fi pa ojú dígí, kì í sì í kúrò tán. Ẹ tún wo bóyá ọ̀pá ti tẹ̀, bóyá síkúrù mẹ́ta tó wà lẹ́yìn dígí ṣì ń yí, àti bóyá ibi tí à ń yí láti mú àwòrán mú kò mì.

Kí ẹ tó wo alẹ́ àkọ́kọ́

Ọ̀sán ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Awò kékeré tó ń tọ́nà, tàbí èyí tó ń tan àmì pupa, gbọ́dọ̀ wo ibi tí awò ńlá ń wò, ilé iṣẹ́ kò sì lè bá yín tò ó. Ẹ fi lẹ́ǹsì 25 mm sí i. Ẹ ṣí ìdérí iwájú pátápátá: ọ̀pọ̀ ìdérí ní ọmọrí kékeré kan lára, àwọn tí kò mọ̀ sì máa ń ṣí ọmọrí yẹn nìkan, wọ́n á wá máa ṣe kàyéfì pé awò 130 mm ṣókùnkùn. Ẹ wá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó jìnnà ju kìlómítà kan lọ, ẹ mú orí rẹ̀ sí àárín awò ńlá, kí ẹ wá máa yí síkúrù awò atọ́nà títí tí àmì rẹ̀ yóò fi bọ́ sórí ojú kan náà. Ẹ pààrọ̀ sí 10 mm, kí ẹ tún ṣe é. Òpó náà yóò dorí kodò nínú awò onídígí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí. Àmì pupa ń lo bátìrì pẹlẹbẹ CR2032. Ní tuntun, ike tín-ín-rín kan máa ń dí bátìrì náà, ẹ fà á yọ, kí ẹ sì máa rántí pa á.

Bí ẹ bá rí ìràwọ̀ gẹ́gẹ́ bí òbìrí ńlá tó ní ihò dúdú láàárín, kì í ṣe pílánẹ́ẹ̀tì, àwòrán kò tíì mú ni. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di ojú abẹ́rẹ́. Bí awò onílẹ́ǹsì bá kọ̀ láti mú, ẹ wò ó bóyá ẹ gbàgbé láti fi dígí tó ń tẹ ìmọ́lẹ̀ sí 90° sí i. Láìsí i, ibi tí à ń yí kì í gùn tó.

Awò tó jáde láti inú yàrá ẹ̀rọ amúlétutù sínú afẹ́fẹ́ Èkó yóò láàgùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìdérí wà lórí rẹ̀, ẹ gbé e síta fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó ṣí i. Ẹ má ṣe wo nǹkan láti ojú fèrèsé tàbí nẹ́ẹ̀tì. Ẹ má wo orí páànù ilé ẹlòmíràn lẹ́yìn tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, ooru tó ń gòkè lára rẹ̀ yóò mú Júpítà máa jó. Dẹ́kìn kọnkéré ń tú ooru ọ̀sán sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú dáadáa, nítorí náà orí koríko tàbí ilẹ̀ lásán ló dára jù. Jẹnẹrétọ̀ tòsí máa ń mi ilẹ̀, èéfín rẹ̀ sì tún ń bo ojú ọ̀run. Nígbà tí NEPA bá mú iná, tí àdúgbò sì dákẹ́, ẹ tètè jáde. Ẹ jẹ́ kí ojú yín wà nínú òkùnkùn fún 20 sí 30 ìṣẹ́jú láìwo fóònù.

Dígí méjì inú awò onídígí gbọ́dọ̀ dojú kọ ara wọn, ìrìn ọkọ̀ sì máa ń yẹ̀ wọ́n. Ẹ lu ihò kékeré sí àárín gbùngbùn ìdérí ike tó ń bo ibi lẹ́ǹsì ojú, ẹ yọ lẹ́ǹsì, ẹ fi ìdérí náà dí ibẹ̀, kí ẹ wo inú ihò náà. Ẹ ó rí dígí kékeré, dígí ńlá nínú rẹ̀, òrùka kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín dígí ńlá, àti òjìji ihò tiyín. Bí òjìji ihò kò bá sí láàárín òrùka, ẹ tú àwọn síkúrù ìdè lẹ́yìn dígí ńlá díẹ̀, kí ẹ yí èyí tó ń gbé e sókè, ìdámẹ́rin yíyí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dán an wò lálẹ́: ẹ mú ìràwọ̀ kan sí àárín ní 120×, kí ẹ mú un kúrò lójú mímú díẹ̀. Bí àwọn òbìrí rẹ̀ bá wà láàárín ara wọn bó ṣe yẹ, ẹ ti ṣe tán. Bí wọ́n bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó kù. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni tí ọwọ́ bá ti mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ àìṣe rẹ̀ ló ń mú kí àwọn kan máa pe awò dáadáa ní ayédèrú.

Oòrùn: ẹ má ṣe kọjú awò sí i láìsí fílítà tó bo gbogbo iwájú ọ̀pá. Fílítà kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ lẹ́ǹsì ojú, tí wọ́n kọ "Sun" sí, ẹ fọ́ ọ, kí ẹ sì dà á nù. Ooru tó kóra jọ síbẹ̀ lè sán an lójijì nígbà tí ojú yín wà lórí rẹ̀, ojú yóò sì fọ́ kí ẹ tó lè yí orí. Awò atọ́nà náà gbọ́dọ̀ ní ìdérí lójú. Ẹ má ṣe fi awò sílẹ̀ lọ́sàn-án níbi tí ọmọdé ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ fi òṣùpá bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe nígbà tó bá kún. Nígbà náà ìmọ́lẹ̀ ń ti iwájú tàn án, kò sí òjìji, ó pẹlẹbẹ. Láti bí ọjọ́ kẹrin sí ìkẹwàá oṣù tó lé, ẹ wo ìlà tí òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ ti pàdé, ibẹ̀ ni òkè àti kòtò ti ń yọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá Àgùàlà (Venus). "Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni," ẹ ó sì rí i pé òun fúnra rẹ̀ ń lé, ó ń kún, ó ń wọ̀kùn gẹ́gẹ́ bí oṣù. Sátọ̀n yí ẹ̀gbẹ́ òrùka rẹ̀ sí wa ní oṣù kẹta 2025, ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ padé ní oṣù kọkànlá ọdún náà, lẹ́yìn ìyẹn ló ń ṣí díẹ̀díẹ̀, ọdọọdún ni yóò sì máa dára sí i títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2030. Gbogbo àwọn wọ̀nyí, iná Èkó kò lè dí wọn lọ́wọ́. Kùrukùru Orion yóò hàn bí èéfín eérú, láìsí àwọ̀ pupa inú fọ́tò. Ojú ènìyàn kì í rí àwọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó kéré bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi awò. Ní alẹ́ oṣù karùn-ún, lẹ́yìn tí òjò bá ti fọ eruku kúrò lójú ọ̀run, ẹ wo gúúsù: Omega Centauri ga tó 35° láti Ìbàdàn, ogunlọ́gọ̀ ìràwọ̀ tó para pọ̀ di òbìrí kan. Ẹni tó wà ní London kò lè rí i rárá, abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà kọjá lọ́dọ̀ wọn. Stellarium, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, yóò fi gbogbo rẹ̀ hàn yín bí ẹ bá ti kọ orúkọ ìlú yín sí i.

Ọyẹ́ ń mú ìkùukùu kúrò, àmọ́ eruku rẹ̀ ń pa ohun tí kò mọ́lẹ̀ mọ́lẹ̀. Òṣùpá àti Júpítà ni kí ẹ máa wò nígbà náà, kí ẹ sì bo awò bí ẹ bá ṣe ń dáwọ́ dúró. Ní àkókò òjò, ìrì ló ń yọ lẹ́nu: páálí tàbí fóòmù tí ẹ yí mọ́ iwájú awò onílẹ́ǹsì, tó yọ síwájú ní bíi ìlọ́po 2 D, yóò dá a dúró. Bí awò bá tutù, ẹ má ṣe dé e pa. Ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú ilé kí ẹ tó fi ìdérí sí i, ẹ kó àwọn àpò kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà sí i, kí ẹ sì máa gbẹ wọ́n nínú oòrùn lóṣooṣù. Dígí kò gbọdọ̀ rí aṣọ tàbí tíṣù. Ní ọdún méjì sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ẹ tú u, ẹ rọra da omi tútù lé e, ẹ fi òwú tó kún fún omi ọṣẹ díẹ̀ gbá a lójú láìtẹ̀ ẹ́, ẹ fi omi bátìrì tí wọn kò tíì po nǹkan kan mọ́, ìyẹn omi tí wọ́n sè di ooru, tí ooru náà sì tún padà di omi, ṣan án kẹ́yìn, ẹ gbé e nàró kó gbẹ, kí ẹ wá tún dígí méjèèjì tò.